Kí Ẹ Tó Ní Gíà Sienna Ti Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkọ̀yà níbí àti ní Òkìtìpupa, ọ̀rọ̀ gíà ọ́tò Sienna ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọkọ̀ yìí ló ń gbé wa lọ sí Òrè, Àkúrẹ́ àti Èkó, tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo pupa lẹ́yìn. Bí gíà rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ báyìí, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ yín ni pé, "Gíà ti lọ, ẹ lọ ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀." Ó ń dùn mí. Owó iléèwé ọmọ ni ẹlòmíràn máa fi ra gíà tòkunbọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ kò mọ ohun tí ojú òun náà ti rí kí wọ́n tó tú u.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Gíà Sienna 1998 sí 2003 jẹ́ onípò mẹ́rin. Ti 2004 sí 2010 jẹ́ márùn-ún. Láti 2011 ló ti di mẹ́fà, wọn ò sì fi ọ̀pá ìwọn ọ́ọ̀lì sí i mọ́. Dexron III ni àkọ́kọ́ ń lò. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń lo irú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọ́ọ̀lì gíà ló pupa nínú ike, nítorí náà ẹ ka ohun tó wà lára ọ̀pá ìwọn tàbí nínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó da ohunkóhun sí i.

Ẹ bi onímọ́tò léèrè: ṣé òwúrọ̀ ni gíà ń dààmú rẹ̀ ni, àbí ìgbà tó bá gbóná? Kí ló ń kó? Ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà fún. Ẹrù àpọ̀jù ń mú ọ́ọ̀lì gbóná, ooru ló sì ń ba ọ́ọ̀lì jẹ́.

Tí ọkọ̀ bá ní ọ̀pá ìwọn, ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé ọwọ́ gíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ tó fa ọ̀pá yọ. Ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì kó tó wọ̀n ọ́n yóò rò pé ó kún nígbà tí kò kún. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá dúdú, tó ń rùn fíí bí ohun tó jó, kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ti ń jẹ tán. Tó bá rí bí omi ògì, omi rédíétọ̀ ti wọnú gíà, torí inú rédíétọ̀ ni ọ́ọ̀lì gíà ń gbà kó lè tutù. Bẹ́ẹ̀ bá rí i, rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ẹ fi háńbíréèkì sí i, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé ọwọ́ gíà láti N sí D. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ó ti gbé kí ìṣẹ́jú àáyá 1.2 tó pé. Láti N sí R, kí 1.5 tó pé. Ìwọ̀n onípò mẹ́rin nìyẹn. Tí méjèèjì bá pẹ́, agbára ọ́ọ̀lì ló kéré: bóyá ọ́ọ̀lì ò tó, bóyá asẹ́ ti dí, bóyá pọ́ǹpù ti rẹ̀. Tó bá jẹ́ D nìkan ló pẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ìwájú ni kí ẹ fura sí.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ jù lọ ni kí ẹ ya àrùn wáyà kúrò lára àrùn irin. Ojúhò síkáànì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kóòdù P0753 tàbí P0758 ń tọ́ka sí sọ́lẹ́nọ́ìdì tó ń pààrọ̀ gíà tàbí wáyà rẹ̀. Ẹ fi mítà wò ó, ohm 11 sí 15 ló yẹ kó jẹ́ lórí onípò mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sọ́lẹ́nọ́ìdì onípò mẹ́rin, kí ẹ wà á lójú ọ̀nà tó dá: L á fún yín ní gíà kìíní, 2 á fún yín ní ìkẹta, D á fún yín ní ìkẹrin. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, tí ọkọ̀ sì ń fà, irin inú rẹ̀ ṣì sàn. Ẹ pe ráwáyà. Tó bá ṣì ń yọ̀, inú ni àrùn wà.

Bí wọ́n bá ní gíà ń gbá, ẹ wo síítì ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dá gíà lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ẹ tú páànù ìsàlẹ̀ gíà: ẹrẹ̀ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára mágnẹ́ẹ̀tì kò burú, ègé irin ló burú.

Tí gíà bá kú lóòótọ́, ẹ sọ ọ́ fún onímọ́tò, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ rí hàn án. Ẹ fọ páìpù àti rédíétọ̀ kí gíà mìíràn tó wọlé, torí ìdọ̀tí èyí tó kú ṣì wà nínú wọn.