Ímeèlì Àkọ́kọ́ Yín: Ẹ Ṣí I Fúnra Yín, Ẹ Tọ́jú Rẹ̀ Fúnra Yín

Láyé tí a wà yìí, fọ́ọ̀mù tí èèyàn máa kún tí wọn kò ní béèrè ímeèlì lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ wà lókè òkun, gbogbo wọn ni wọ́n ń bi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á sáré lọ sí kàfé, wọ́n á ní kí ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà bá àwọn ṣí ọ̀kan. Á ṣí i lóòótọ́, á gba owó rẹ̀, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà tí lẹ́tà tí wọ́n ń retí bá dé ni wọ́n á tó rí i pé kò sẹ́ni tó rántí pásíwọ́ọ̀dù, àti pé nọ́ńbà fóònù ọmọ kàfé ló wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń lo WhatsApp lè lo ímeèlì. Ohun tó ṣe kókó ni pé kó jẹ́ tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀. Gmail ti ilé iṣẹ́ Google la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń bá ọ̀pọ̀ fóònù Android wá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti ní ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé àwọn kò ní ímeèlì ló ti ní in láìmọ̀. Fóònù Android kò ní jẹ́ kéèyàn gba áàpù kankan láti Play Store àfi bí àkáǹtì Google bá ti wà lórí rẹ̀. Bí ẹni tó ta fóònù fún yín bá ti bá yín gbé WhatsApp sí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣeé ṣe kó ti ṣí ímeèlì kan síbẹ̀, tàbí kó ti lo tirẹ̀.

Ẹ ṣí áàpù Gmail, èyí tí lẹ́tà M aláwọ̀ mèremère wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ àmì róbótó tó wà lókè lápá ọ̀tún. Àdírẹ́sì tó wà lórí fóònù náà á hàn níbẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ má lò ó, nítorí ẹni tó ni pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lè ka gbogbo ohun tó bá wọlé. Ẹ ṣí tiyín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó nọ́ńbà àwọn èèyàn yín àti fọ́tò yín sórí tuntun, ẹ yọ ti àjèjì náà kúrò.

Bí ẹ ṣe máa ṣí i

Ẹ rí i pé dátà wà, kí síìmù yín sì wà nínú fóònù, torí Google lè fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí rẹ̀ láti mọ̀ pé ẹ̀yin ni lóòótọ́. Níbi àmì róbótó yẹn, ẹ tẹ "Add another account", lẹ́yìn náà "Google", lẹ́yìn náà "Create account". Wọ́n á béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, àti bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin. Ọdún ìbí yín gan-an ni kí ẹ tẹ̀: bí àṣìṣe bá sọ yín di ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ dá a ṣí.

Ibi tó kàn ni àdírẹ́sì. Apá mẹ́ta ló ní: orúkọ tí ẹ yàn, àmì @, àti gmail.com. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ray Tomlinson ló kọ́kọ́ fi àmì @ yìí sínú ímeèlì lọ́dún 1971, kó lè ya orúkọ èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tí onítọ̀hún ń lò. Bí ẹ kò bá rí i lójú fóònù, ẹ tẹ ?123, á yọjú.

Orúkọ tí ẹ máa yàn kò gbọ́dọ̀ dín ní lẹ́tà 6, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Kò sí ààyè láàárín rẹ̀, kò gba àmì ohùn, kò sì gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹniọlá á di eniola, Ṣẹ́gun á di segun. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò yàtọ̀ síra lójú Gmail. Bí ẹlòmíràn bá ti gba orúkọ yín, ẹ fi orúkọ àárín tàbí orúkọ iṣẹ́ yín kún un. Ẹ má fi ọdún ìbí yín sí i, kí ẹ má ta oníjìbìtì lólobó. Ẹ má sì fi orúkọ eré ṣe é, torí lọ́jọ́ kan ẹ ó kọ ọ́ sórí ìwé tí ẹ fi ń wá iṣẹ́ tàbí èyí tí ẹ fẹ́ mú lọ sí báǹkì.

Pásíwọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ ilé yìí. Ó kéré tán, kó gba lẹ́tà àti nọ́ńbà 8, bó bá sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má lo ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, orúkọ àkọ́bí yín tàbí nọ́ńbà káàdì ATM. Ọ̀nà kan tó dáa ni kí ẹ to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan pọ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà díẹ̀ há wọn láàárín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi í pamọ́ sílé, kì í ṣe sẹ́yìn fóònù. Níkẹyìn, nọ́ńbà fóònù tiyín ni kí ẹ fi sí ibi tí wọ́n pè ní "recovery phone". Òun ni wọ́n máa fi ran yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ yí i padà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí ilé iṣẹ́ fóònù lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí ẹ ti pa tì.

Bí ẹ ṣe máa kọ lẹ́tà

Ẹ tẹ "Compose" tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ojú ewé á ṣí. Ní iwájú "To", ẹ tẹ àdírẹ́sì ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ẹ fara balẹ̀ kà á lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, torí bí lẹ́tà kan péré bá yí, ó lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní iwájú "Subject", ẹ kọ ohun tí lẹ́tà náà dá lé ní gbólóhùn kúkúrú. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo: òun ni ẹni náà máa kọ́kọ́ rí, òun ló sì máa fi pinnu bóyá kóun ṣí i.

Ká ní ìyá kan ń ta aṣọ òkè n'Ísẹ́yìn, tí oníbàárà kan ní London sì béèrè ẹ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó máa kọ sí "Subject" ni: Ẹ̀tù fún ìgbéyàwó oṣù Kejìlá. Lẹ́tà náà wá lọ báyìí:

"Ẹ káàsán o, mà. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ̀tù tí ẹ béèrè wà nílẹ̀: ìró, ìpele àti gèlè. Mo fi fọ́tò oríṣi méjì ránṣẹ́ kí ẹ lè mú èyí tó wù yín. Ẹ jọ̀wọ́, èèyàn mélòó ló máa wọ̀ ọ́, ọjọ́ wo lẹ sì fẹ́ kó tẹ̀ yín lọ́wọ́? Ẹ ṣeun, mà. Àdùkẹ́ aláṣọ òkè, Ìsẹ́yìn."

Ó kí oníbàárà, ó sọ ohun tó wà nílẹ̀, ó béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀, ó sì fi orúkọ sí i. Ó tán. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó ń kà á á rò pé ẹ ń jágbe mọ́ òun ni.

Fún fọ́tò tàbí ìwé, ẹ tẹ àmì píìnì ìkọ́wèé tó wà lókè, kí ẹ sì mú èyí tí ẹ fẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi há lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ ju 25MB lọ. Fọ́tò mélòó kan kò ní ṣòro, ṣùgbọ́n fídíò gígùn kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹlòmíràn rí lẹ́tà náà, "Cc" ni kí ẹ kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí, gbogbo wọn á sì mọ ara wọn. Ẹni tí ẹ bá kọ sí "Bcc" á rí i, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ àmì ọfà tó máa fi í ránṣẹ́, ẹ tún un kà. Ẹyin lohùn. Bí ẹ bá rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀, "Undo" á wà nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ yára tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Bí lẹ́tà kan bá sì dé láti ọ̀dọ̀ "Mail Delivery Subsystem" láìpẹ́, kì í ṣe wàhálà: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àdírẹ́sì tí ẹ kọ kò tọ̀nà. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì tún fi í ránṣẹ́.

Bí ẹ ṣe máa ka èyí tó wọlé

"Inbox" ni lẹ́tà tuntun ń wà. Ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́ kà, ẹ tẹ "Reply" láti dá ẹni tó kọ ọ́ lóhùn. "Reply all" ń fi èsì yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú lẹ́tà náà, nítorí náà ẹ ṣọ́ra kí ẹ má sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún gbogbo ọ́fíìsì.

Bí ẹ bá ń retí lẹ́tà tí ẹ kò rí i, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá òsì, kí ẹ sì wo "Spam". Ibẹ̀ ni Gmail ń da lẹ́tà tó bá fura sí sí, nígbà mìíràn a sì máa da ojúlówó pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó wò ó, torí lẹ́yìn 30 ọjọ́, ó ń pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Bákan náà ló rí fún "Trash".

Ààyè tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ 15GB, fọ́tò tó ń tọ́jú fún yín sì wà lára rẹ̀. Bó bá kún, lẹ́tà kò ní wọlé mọ́. Àkáǹtì tí ẹ kò bá sì fọwọ́ kàn fún ọdún 2, Google lè pa á rẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Gbogbo wa la mọ orúkọ tí wọ́n ń pe jìbìtì nílẹ̀ wa, 419, láti inú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà. Ímeèlì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́tà tó bá ní ẹ ti jẹ ẹ̀bùn tí ẹ kò bá wọn du, tó ní báǹkì yín fẹ́ ti àkáǹtì yín pa lónìí, tàbí tó ní kí ẹ fi BVN àti PIN yín ránṣẹ́, ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì tẹ líǹkì inú rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ kí àdírẹ́sì rẹ̀ lè hàn. Bí orúkọ báǹkì bá wà níwájú, tí gmail.com sì wà lẹ́yìn, irọ́ ni. Bó bá ṣì ń ṣe yín bíi pé òótọ́ ni, ẹ gba báǹkì lọ fúnra yín.

Nọ́ńbà tí Google bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ẹni tó ní òṣìṣẹ́ Google lòun. Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà ní kàfé, ẹ má gbà kó tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì tẹ "Sign out" kí ẹ tó dìde.

Ní báyìí, ẹ gba àdírẹ́sì ọmọ yín kan tàbí ọ̀rẹ́ yín, ẹ kọ lẹ́tà sí i lónìí, kí ẹ sì ní kó dá yín lóhùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ́ ọn. Bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ kọ́ yín, ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín, kó máa sọ ibi tí ẹ máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan pásíwọ́ọ̀dù, ẹ ní kó kọjú sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́.