Bọ́ọ̀lù Òwúrọ̀ Kùtùkùtù

Ní ìlú Ara, ní ẹ̀bá Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni àkókò bọ́ọ̀lù lójú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà náà oòrùn ti rọlẹ̀, a ti jẹun ọ̀sán, a sì ti bọ́ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ ti jẹ́ iṣẹ́ náà dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní nǹkan bí agogo méje, eré ti parí, àwọn òǹwòran sì ti jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ. Kò sí ẹni tí ó fi èyí ṣe òfin. Oòrùn ọ̀sán tí ń jóni àti pápá tí kò ní iná alẹ́ ni ó sọ ọ́ di àṣà.

Bí wọ́n bá wá gbé eré sí òwúrọ̀ kùtùkùtù ńkọ́? Ǹjẹ́ ó lè bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lára mu? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlá lásán, nítorí pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, ní oṣù kẹfà ọdún 2002.

Ní ọdún náà, Jàpáànì àti Gúúsù Kòríà ni ó jọ gba ìdíje Ife Àgbáyé lálejò. Wákàtí mẹ́jọ ni agogo Jàpáànì fi ṣáájú tiwa, nítorí náà eré tí àwọn ará ibẹ̀ ń wò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwa ń wò ó kí a tó jẹ oúnjẹ òwúrọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, Nàìjíríà pàdé Ajẹntínà ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ tiwa. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Mùsùlùmí ti kírun àsùbáà tán, Kírísítẹ́nì kò sì tí ì máa múra ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi bí ẹni pé a dìídì yan àkókò náà fún wa. Batistuta fi orí kan bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo wọlé, ó sì ba òwúrọ̀ náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bi agogo kọ́ nìyẹn.

Ọ̀ràn yí padà ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje oṣù náà, nígbà tí a pàdé Súwídìn, àti ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, nígbà tí a pàdé ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agogo méje ààbọ̀ ni eré méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ ohun tí agogo méje ààbọ̀ jẹ́ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́? Ìgbà náà ni agogo ń dún, tí a ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ẹni tí ó pẹ́ ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí ó bá jókòó ti asọ̀rọ̀mágbèsì ní àárọ̀ yẹn di apẹ́lẹ́yìn. Èyí tí ó bá sì tètè dé wà ní kíláàsì, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà ní Kobe. Aghahowa kọ́kọ́ jẹ góòlù kan fún wa kí Larsson tó jẹ méjì mọ́ wa. Ọmọ tí ó gbọ́ ti Aghahowa nílé, tí ó wá gbọ́ ti Larsson láti ojú fèrèsé kíláàsì, mọ bí òwúrọ̀ kan ti lè gùn tó.

Ti ẹni tí ń ṣe ìdánwò àṣekágbá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ni àkókò ìdánwò àjọ WAEC, eré tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo méje ààbọ̀ kì í sì í parí kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ọdún mẹ́fà ni a fi ń múra de ìdánwò náà, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú péré ni bọ́ọ̀lù. Èyí tí ó wúwo jù hàn kedere lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún rí mọ̀ pé òṣùwọ̀n ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dọ́gba ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fiyè sí. Ní oṣù kẹfà, agogo Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa a máa dọ́gba, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi wákàtí kan kún tiwọn ní ìgbà ooru. Àárọ̀ kan náà ni ó mọ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ Ara nígbà tí ikọ̀ méjèèjì gbá ọ̀mì láìsí góòlù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gbé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sínú gbọ̀ngàn nígbà ìdíje náà, kí àwọn ọmọ lè wo eré kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fojú kéré ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí a fi ipá dá dúró sí kíláàsì kò ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Lọ́dọ̀ wa, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní ọdún náà, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé.

Àwọn kan yóò wí pé òwúrọ̀ ni ó dára jù fún bọ́ọ̀lù. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ìrì ṣì wà lórí koríko, afẹ́fẹ́ tutù, kò sì tí ì rẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ti sáré lórí pápá ní agogo kan ọ̀sán oṣù kejì kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń wò ó. Ọkàn òǹwòran kì í balẹ̀ ní òwúrọ̀, nítorí omi wà láti pọn, ilẹ̀ wà láti gbá, àbúrò sì wà láti wẹ̀ fún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta pàápàá ní ìdíwọ́ tirẹ̀: ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi Àbámẹ́ta tí ó kẹ́yìn oṣù ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó, tí a kò gbọdọ̀ rìn lójú pópó láti agogo méje títí di agogo mẹ́wàá. Eré wo ni a fẹ́ wò nígbà náà, bí kò ṣe ti ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì?

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ti gbayì púpọ̀, àríyànjiyàn yìí kò tí ì parí. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré; pápá Yunifásítì Michigan nìkan gba èrò tí ó ju 100,000 lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ni ó ń yan wákàtí. Láti ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ Fox ti ń gbé eré ńlá sí agogo méjìlá ọ̀sán ti ìhà ìlà-oòrùn, èyí tí í ṣe agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ní Kalifọ́níà. Àwọn olólùfẹ́ eré ń ráhùn, kì í sì í ṣe nítorí oorun nìkan. Àṣà wọn ni láti péjọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí ṣáájú eré, kí wọ́n sun ẹran, kí ọ̀rẹ́ rí ọ̀rẹ́. Eré òwúrọ̀ a máa gé ìpéjọ náà kúrú. Ẹ̀pà àti gúgúrú ni tiwa, kì í ṣe ẹran sísun, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni a ń wá lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ẹnì kan lè béèrè bóyá òru sàn jù. Ní ọdún 1994, agogo méjìlá ààbọ̀ òru ni Nàìjíríà pàdé Bùlgáríà, tí Rashidi Yekini sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, tí ó di àwọ̀n mú tí ó ń ké. Ní ọdún 2023, agogo mẹ́ta ààbọ̀ òru ni àwọn obìnrin wa pàdé Kánádà ní Ọsirélíà, tí aṣọ́lé wa, Chiamaka Nnadozie, mú pẹnáritì tí Christine Sinclair gbá. Oorun tí eré òru gbà lọ́wọ́ wa, tiwa ni. Wákàtí tí eré òwúrọ̀ ń gbà kì í ṣe tiwa. Ti òbí àti olùkọ́ ni.

Nítorí náà, ní tèmi, eré tí àwa fúnra wa bá ń ṣètò ní Ara tàbí ní Ẹdẹ, agogo mẹ́rin ni kí ó máa jẹ́. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn bá ṣètò ní ọ̀nà jíjìn, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè sún ìtò òwúrọ̀ síwájú ní ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin, kí ó sì fi ìrọ̀lẹ́ san wákàtí náà padà. Ti ìdánwò nìkan ni kò lè yí padà, nítorí àjọ WAEC ni ó ni agogo rẹ̀.