Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé: Àkáǹtì Tẹ́tẹ́ Mẹ́rin Lórí Fóònù Kan

Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù ni ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lé lórí.

Tẹ́tẹ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò mọ púùlù àti Bàbá Ìjẹ̀bú nílé? Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ta á láyé ọjọ́un ní láti dìde lọ síbẹ̀. Ní Illinois níbí, gómìnà fọwọ́ sí òfin tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ní June 2019, ti orí fóònù sì bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Láti April 2021 títí di March 2022, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé kásínò kó tó lè ṣí àkáǹtì. Wọ́n ti mú ìyẹn kúrò. Báyìí, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè ṣí mẹ́rin lórí bẹ́ẹ̀dì kílẹ̀ tó mọ́.

Òfin kò ní kéèyàn má ní àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní láísẹ́ẹ̀sì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó á fọ́nká, ojú ò ní rí i mọ́. $40 lọ́sẹ̀ lórí ọ̀kan, kò jọ nǹkan kan. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin: $160 lọ́sẹ̀, $8,320 lọ́dún! Tẹ́ ẹ bá sì fi òté lé iye tẹ́ ẹ lè san sínú ọ̀kan, òté yẹn ò dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ẹni tó ti ọ̀kan pa kàn máa kọjá sí èkejì ni.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn lo orúkọ ìyàwó, àbúrò tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, nítorí bónọ́ọ̀sì. Ilé-iṣẹ́ ń wo nọ́ńbà Social Security, fóònù àti ibi téèyàn wà. Tí wọ́n bá já a, wọ́n lè ti àkáǹtì pa, kí wọ́n sì dá owó dúró. Tẹ́tẹ́ tó bá jẹ, orúkọ onínọ́ńbà ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, owó orí sì ń bẹ lórí rẹ̀. Illinois kì í yọ owó tẹ́ ẹ pàdánù kúrò nínú ìyẹn o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de ìwé ọmọ onílùú, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Fọ́ọ̀mù N-400 ń béèrè bóyá ẹ ti ta tẹ́tẹ́ tí kò bófin mu rí. Tẹ́tẹ́ tó bófin mu kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Àmọ́ kéèyàn fi nọ́ńbà ẹlòmíì ṣe jìbìtì, ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀, ó sì lè ba ìwé jẹ́ pátápátá.

Páásíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo wọn ńkọ́? Ní November 2022, ọmọkùnrin ọlọ́dún 18 kan ní Wisconsin kó páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí níbòmíì, ó ń dán wọn wò lórí DraftKings. Nǹkan bí àkáǹtì 60,000 ló ṣí, wọ́n sì kó nǹkan bí $600,000 nínú 1,600 lára wọn. Oṣù 18 ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 2024.

Ẹni tó bá fẹ́ ti gbogbo rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Illinois Gaming Board pé kí wọ́n má gba òun láyè mọ́. Gbogbo kásínò àti ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ eré ìdárayá tó ní láísẹ́ẹ̀sì ní ìpínlẹ̀ yìí ló kàn. Tó bá kọ́kọ́ fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó pe 1-800-426-2537, tọ̀sántòru, ọ̀fẹ́ ni.