EWÉ Ń JẸ́, ṢÙGBỌ́N KÍ NI Ó Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó sọ àrùn kalẹ̀ tí ó sì sọ oògùn kalẹ̀. Ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ilé-kéú, Ọlọ́hun kọ ìwé kan sínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin ni ó ní: A, T, G àti C. Ẹ jẹ́ kí a fi wàláà ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí a bá kọ khalaqa, "ó dá ẹ̀dá" ni. Bí àmì kan ṣoṣo tí ó wà lórí khā' bá parẹ́, ó di ḥalaqa, "ó fá irun". Bẹ́ẹ̀ ni àṣìkọ kékeré nínú DNA ṣe lè mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ láìgbọràn, kí ó sì di jẹjẹrẹ.

1. Èyí tí ó ń bà á jẹ́: Lárúbáwá ń pe igi kan ní zarāwand. Ibn Sīnā, tí ó kú ní 1037, kà á mọ́ oògùn nínú ìwé rẹ̀ al-Qānūn. Ìdílé kan náà ni òun àti akọ igún tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Èròjà kan nínú ìdílé yìí máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà A. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ìwé náà kọ, T ni yóò kọ dípò rẹ̀. Ní Brussels, ní nǹkan bí 1990 sí 1992, wọ́n ṣi irú igi yìí mú fún òmíràn nínú oògùn tí àwọn obìnrin fi ń dín sísanra kù. Kíndìnrín èèyàn tí ó lé ní 100 bàjẹ́. Nínú 39 tí wọ́n yọ kíndìnrín wọn tí ó ti kú, 18 ni wọ́n bá jẹjẹrẹ lára ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Ní 2002, àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó dájú pé oògùn tí a fi ìdílé igi yìí ṣe ń fa jẹjẹrẹ.

2. Èyí tí ó ń dáàbò bò ó: Nínú ìdánwò, èròjà inú atalẹ̀ pupa àti ewé tíì ti dáàbò bo DNA lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìgò yàtọ̀ sí inú ara; èyí kò sọ wọ́n di oògùn jẹjẹrẹ.

Ẹlòmíràn á ní: "Bàbá wa lò ó, kò ṣe wọ́n ní nǹkan." Ìbàjẹ́ yìí lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó hàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àtijọ́ kò fi rí i.

Ìdájọ́: Ànábì kọ́ wa pé ẹni tí ń ṣe ìṣègùn láìní ìmọ̀ rẹ̀ ni yóò dáhùn fún ìpalára tí ó bá ṣe. Nítorí náà, kí a bi ẹni tí ń ta àgbo ní orúkọ gbogbo egbò tí ó wà nínú rẹ̀. Bí akọ igún bá wà níbẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Kí a má sì fi àgbo tí a ń mu pamọ́ fún dókítà.

Ìbéèrè: Kí ni ìyàtọ̀ khalaqa àti ḥalaqa kọ́ wa nípa DNA?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera àti ìmọ̀ tí ó wúlò. Àmín.