ÀRÒKỌ ALÁLÀYÉ: ERÉ-ÌJE TÍ A FI ORÍ ÀTI ẸSẸ̀ SÁ

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣe àlàyé eré ìdárayá kan tí ó gba agbára àti ọgbọ́n.

Kí olùdánwò kíyèsí i pé ohun méjì ni ìbéèrè yìí ń fẹ́. Nígbà tí mo ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi kọ ojú-ewé mẹ́rin lórí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Èdè rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n agbára nìkan ni ó sọ. Kò mẹ́nu kan ọgbọ́n rárá. Èmi ni mo gé máàkì rẹ̀, ó sì dùn mí. Ẹ ka àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ wo bí a ti dáhùn ìhà méjèèjì.

Ìlapa èrò
(a) Ìfáàrà: irú eré tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti ṣẹ̀
(b) Ìgbésí-ayé ẹni tí ń sá a
(d) Bí ìje náà ti ń lọ
(e) Ọgbọ́n inú rẹ̀
(ẹ) Ìgúnlẹ̀

Àpẹẹrẹ àròkọ

Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni a fi ń sá eré-ìje tí à ń pè ní orienteering. Inú igbó ni a ti ń sá a, máàpù àti kọ́ńpáàsì ni sárésáré sì fi ń wá ọ̀nà ara rẹ̀. Iṣẹ́ ológun ni ó ti ṣẹ̀ wá ní ilẹ̀ Swídìn. Ní 1897, a sá a ní gbangba nítòsí Oslo, olú-ìlú Nọ́rwèy. Ní 1919, ọ̀gá ológun kan, Ernst Killander, ṣètò ìje ńlá nítòsí Stockholm. Láti ìgbà náà ni eré yìí ti gbilẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń sá a ní Swídìn kì í gba owó. Ẹ jẹ́ kí á wo káfíńtà kan. Láti àárọ̀ ni ó ti ń fi ayùn rẹ́ pákó. Bí ó bá ṣíwọ́, ó di dandan kí ó sáré, ìbáà rẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ ní Stockholm kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Nítorí náà, ó ń so iná mọ́ iwájú orí, ó sì ń sáré nínú òkùnkùn, nínú òtútù àti ẹrọ̀fọ̀. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra bàtà, òun náà ni ó ń san owó ìforúkọsílẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, òun àti ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n jọ ń lọ síbi ìje, nítorí pé ọmọdé ní ìje tirẹ̀, àgbàlagbà sì ní tirẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a sábà máa ń tú àwọn sárésáré sílẹ̀, kí ẹnìkan má baà máa tẹ̀ lé ẹnìkejì. Ìgbà tí ó bá fẹ́ gbéra gan-an ni yóò rí máàpù gbà. Àmì róbótó tí a fún ní nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ní ibi kọ̀ọ̀kan nínú igbó, àsíá kékeré aláwọ̀ funfun àti àwọ̀ ọsàn ń dúró dè é. Ó gbọ́dọ̀ dé ìdí gbogbo wọn ní títẹ̀léra. Bí ó bá fo ẹyọ kan, ìje rẹ̀ ti bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn dé.

Níbí ni ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́. Lórí máàpù náà, àwọ̀ funfun ni igbó tí ẹsẹ̀ lè yá nínú rẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ibi tí igbó ti dí. Níbi tí àwọn ìlà aláwọ̀ búráùn bá ti sún mọ́ra, òkè ibẹ̀ nira láti gùn. Bí ìwọ̀n máàpù bá jẹ́ 1:15,000, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 150. Kí ó gun òkè náà tààrà ni, tàbí kí ó yí i ká? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí ó gùn lè yá ju èyí tí ó kúrú lọ. Ẹni tí ó bá sáré kí ó tó wo máàpù, bí ó bá ti ń yára tó ni yóò ti máa jìnnà tó sí ibi tí ó ń lọ.

Bí káfíńtà wa tilẹ̀ borí, ní ọjọ́ Ajé a ó tún bá a nídìí pákó. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le, ó sì ti kọ́ bí a ti ń ronú nígbà tí ó bá rẹni. Èyí ni mo fi gbà pé eré yìí gba agbára àti ọgbọ́n.

Àkíyèsí
1. Ìpínrọ̀ kejì sọ̀rọ̀ agbára. Ìkẹrin sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Ìbéèrè ti gba ìdáhùn.
2. Òwe kan ṣoṣo ni a lò, ibi tí ọ̀rọ̀ ti pè é ni a sì fi í sí. Ẹ má ṣe to òwe jọ bí igi ìdáná.
3. Ẹ fi àkọtọ́ Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti mọ́ni lẹ́nu, bíi máàpù àti káfíńtà.
4. Ìbéèrè ni máàpù yín. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi kálámù lé ìwé. Ọmọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sáré dáadáa. Ibi tí kò yẹ ni ó sáré lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ ìlapa èrò fún orí-ọ̀rọ̀ yìí: Iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó gba sùúrù àti ojú inú.