ÌKÒKÒ TÍ KÒ KÚN, TÍ KÒ SÌ TÁN

Ẹ̀kọ́ lórí ìpèsè Ọlọ́run ní ìgbà ìdánwò líle. Bíbélì kíkà: Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 17, gbogbo rẹ̀.

Àwọn Bàbá Àgbà ní kí èmi akọ̀wé kọ ẹ̀kọ́ kan sínú ìwé ìrántí yìí. Ọ̀rọ̀ opó Sáréfátì ni ọkàn mi lọ sí. A máa ń wàásù rẹ̀ púpọ̀ nínú ìjọ, pàápàá bí ìkórè bá ti ń súnmọ́ tòsí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ibi tó wúlò jù fún wa nínú rẹ̀ ni a máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Èlíjà ti sọ fún Áhábù ọba pé òjò kò ní rọ̀. Ọ̀dá náà pẹ́. Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú Lúùkù orí 4 pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà ni. Ọlọ́run fi Èlíjà pamọ́ sí ẹ̀bá odò Kérítì, àwọn ẹyẹ ìwò ń gbé àkàrà àti ẹran wá fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó yá, odò náà gbẹ. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Odò tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní kó lọ máa mu ló gbẹ yẹn o! Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí iṣẹ́ tí a gbààwẹ̀ kí a tó rí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, a ó ní ayé ló ṣe wá, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà nílé. Bíbélì kò sọ pé Èlíjà ṣẹ̀. Òjò tí kò rọ̀ ló jẹ́ kí odò gbẹ. Àsọtẹ́lẹ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kan òun náà.

Ibo wá ni Olúwa rán an lọ? Sáréfátì ti Sídónì. Ilẹ̀ Sídónì yìí ni Jésébẹ́lì, aya Áhábù, ti wá, ẹni tó ń pa àwọn wòlíì. Olúwa ní òun ti pàṣẹ fún opó kan níbẹ̀ láti máa bọ́ ọ. Àmọ́ nígbà tí Èlíjà dé ẹnu ibodè, opó náà kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé a ti fi òun ṣe olùpèsè. Igi ìdáná ló ń ṣa, méjì péré ló ní òun ń wá. Ẹni tó ń wá igi méjì, ẹ̀yin ìyá ẹ mọ bí ohun tó fẹ́ sè ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan ló kù nínú ìkòkò, àti òróró díẹ̀ nínú kólòbó. Ó ti ṣírò rẹ̀ tán: òun àti ọmọ òun á jẹ ẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ikú ni. Ó sọ ọ́ fún wòlíì láìfi bò. N kò rí i kà pé Èlíjà bá a wí pé kò ní ìgbàgbọ́. Ó ní kó má bẹ̀rù, kó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré fún òun ná, kó tó ṣe tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀.

Níhìn-ín, kí inú má bí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ yìí gba owó lọ́wọ́ opó: mú èyí tó kù wá, wàá rí iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n Èlíjà kò gba àkàrà kó sì bá tirẹ̀ lọ. Ilé obìnrin náà ló ń gbé, ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Bí ìkòkò bá gbẹ, ebi pa òun náà nìyẹn. Wòlíì tí kò bá ní bá opó jẹ nínú ìkòkò rẹ̀, kó má tọrọ àkàrà àkọ́kọ́.

Ibi tí mo ní a máa ń fò wá nìyí. Ohun tí a kà ni pé ìyẹ̀fun kò tán, òróró kò sì gbẹ. A kò kà á pé ìkòkò kún. A kò kà á pé àpò ìyẹ̀fun wọlé, tàbí pé obìnrin náà di olówó. (Opó tó ta òróró, ti àkókò Èlíṣà nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni.) Bó ṣe yé mi sí, bó bá bojú wo ìsàlẹ̀ ìkòkò lóròòwúrọ̀, díẹ̀ náà ló ń rí, yóò sì tún na ọwọ́ sí i. Oúnjẹ òòjọ́ náà ni Jésù kọ́ wa láti tọrọ, kò dárúkọ ti oṣù. Mánà tí àwọn kan fi pamọ́ di ọjọ́ kejì ní aginjù, ìdin ló yọ. Èyí kò rọrùn fún ènìyàn. Ẹni tí onílé ń lé, tí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, kì í fẹ́ gbọ́ pé òní nìkan ni Olúwa máa bójú tó. Ó fẹ́ rí ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kó wo ẹ̀yìn wò: ọjọ́ mélòó ló ti rò pé àwọn kò ní jẹun, tí wọ́n sì jẹ?

Ọ̀rọ̀ kò sì parí síbẹ̀. Nínú ilé tí ìyẹ̀fun kì í tán yìí, ọmọ opó náà ṣàìsàn, ó sì kú. Obìnrin náà bínú sí wòlíì. Èlíjà kò wàásù fún un. Ó gbé òkú ọmọ náà lọ sí yàrá òkè tí òun ń sùn, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ara rẹ̀, ó sì ké pe Olúwa. Ẹ̀mẹ́ta ló nà lé ọmọ náà, ó sì sọjí.

Àwọn tó ṣíwájú wa nínú iṣẹ́ Aládùúrà mọ èyí. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà, Bàbá Joseph Shadare àti ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀ dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, gba iṣẹ́ pé omi òjò ni kí wọ́n lò, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fowó rà. (N kò sọ èyí pé kí ẹnikẹ́ni kọ oògùn dókítà.) Ṣé ìdánwò wá tán? Ó ti o. Ní 1922 ni ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti oògùn lílò yà wọ́n nípa pẹ̀lú ìjọ Áńgílíkà. Bàbá Shadare fi ìjókòó rẹ̀ nínú sínóòdù sílẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Arábìnrin Odunlami. Àdúrà tó gbà lọ́dún kan kò ní kí odò má gbẹ lọ́dún mìíràn. Iṣẹ́ náà kò sì kú. Àwa tí à ń ṣe àjọ̀dún lónìí wà lára àwọn tó jẹ nínú rẹ̀.

Lórí tábìlì tí mo ń kọ ìwé ìjọ sí, ìwé méjì wà: ti àwọn tí a ràn lọ́wọ́, àti ti àwọn tó mú nǹkan wá fún ìrànlọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba ti ilé ìjọsìn ní 2020 nítorí kòrónà, àwọn orúkọ kan wà nínú ìwé méjèèjì láàárín oṣù kan náà. Ẹni tó gba gààrì lọ́sẹ̀ yìí ló bu èlùbọ́ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì.

Fún ìjíròrò ní kíláàsì: Kí ló fà á tí Olúwa kò fi rán Èlíjà sí ilé ọlọ́rọ̀? Bí odò Kérítì tìrẹ bá gbẹ lọ́la, ta ni nínú ìjọ yìí tí o lè sọ fún láìfi bò? Ǹjẹ́ opó kan wà ní àdúgbò rẹ tí igi méjì péré ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí?