Iná Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Ibà Ẹlẹ́dẹ̀ Ilẹ̀ Áfíríkà Ṣe Ń Pa Ẹran Wa



Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kó àjẹkù oúnjẹ láti Àpápá GRA àti Ajégúnlẹ̀ lọ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ mọ ohun tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Àrùn yìí jà ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó ní 1997. Ní 2020 ó tún jà ní Òkè-Aro, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ó sì sọ ọgbà ọ̀pọ̀ ènìyàn di òfìfo.

Kí ni ìwú?

Bí ẹ̀gún bá gún ẹran lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ a pọ́n, a gbóná, a wú, a sì máa dùn ún. Ìjà tí ara ń bá àrùn jà nìyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran ara tí í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ní òde ara wọn ni àwọn purotéènì wà tí a lè pè ní agbàránṣẹ́. Kálukú mọ ohun tirẹ̀, bí àgádágodo ti mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí agbàránṣẹ́ bá kan kòkòrò àrùn, ẹ̀ṣọ́ a tú purotéènì oníṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Oníṣẹ́ yìí ni ó ń mú ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ là, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn lè jáde lọ síbi ìjà.

Kí ni ó ń pa iná náà?

Ara tún ní ohun tí ń dá ìjà dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá fọ́, purotéènì kan tí a ń pè ní haptoglobin a gbá ohun pupa tí ó dà sílẹ̀ mọ́ra. Ní 2001 ni a kéde pé agbàránṣẹ́ kan, CD163, ni ó ń gbà á wọlé sínú ẹ̀ṣọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀ṣọ́ a tú ohun tí ń mú ìwú rọlẹ̀ jáde.

Báwo ni ibà yìí ṣe ń ba ètò náà jẹ́?

Inú ẹ̀ṣọ́ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ń wọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń bí sí i. Ẹ̀ṣọ́ a wá tú oníṣẹ́ jáde láìníwọ̀n. Iṣan a máa jò, ẹ̀jẹ̀ a máa dì níbi tí kò yẹ, a sì máa ṣàn níbi tí ó yẹ kí ó dì. Ìdí nìyí tí etí àti ikùn ẹran fi ń pọ́n, tí ibà ńlá fi ń mú un, tí ó sì lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ní 2017, àwọn onímọ̀ fi ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti mú CD163 kúrò lára rẹ̀ dán an wò. Síbẹ̀ àrùn náà mú wọn. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ọgbà ni kí a tì.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ má ṣe fi àjẹkù oúnjẹ inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ rárá. Ní 1957, àjẹkù oúnjẹ ọkọ̀ òfurufú ni ó gbé àrùn yìí dé Lisbon.

2. Ẹ se àjẹkù ilé oúnjẹ títí yóò fi hó fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ máa rò ó, kí ẹ tó gbé e fún ẹran.

3. Bí ẹran bá ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe fún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ìwú rọlẹ̀ láìgba àṣẹ dókítà ẹran. Kò sí oògùn tí ń wo ibà yìí sàn, abẹ́rẹ́ náà sì lè bo àmì àrùn mọ́lẹ̀.

4. Ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe pín in jẹ. Lóòótọ́ kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹran náà ni yóò gbé e dé ọgbà aládùúgbò yín.

5. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹgbẹ́ sì ti ọgbà pa.